OVW ń jáde, àmọ́ Linux kò gbọ́: wáyà IRQ ni kẹ́ ẹ wò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní NE2000 (káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́) tí ẹ kọ sínú emulator yín (ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà) ń ṣiṣẹ́ geere, àfi bí pákẹ́ẹ̀tì bá ya lù ú: bíìtì OVW (àmì pé àyè tí pákẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ ti kún) á tàn nínú ISR (register tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀), síbẹ̀ Linux tó wà nínú rẹ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Èmi náà ti bá DP8390, chip inú káàdì yẹn, wọ̀yá ìjà gan-an, n kò sì rò pé OVW ló ń ṣe yín.

Ṣé ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé nìkan ni ẹ ti ń gbé wáyà IRQ (èyí tí káàdì fi ń pe CPU, ìpè yẹn ni interrupt) sókè? Chip yẹn kì í pariwo lẹ́ẹ̀kan kó sì máa lọ. Wáyà rẹ̀ á wà lókè níwọ̀n ìgbà tí ISR & IMR & 0x7F kò bá tíì di òdo (IMR ni register tó ń sọ èwo nínú bíìtì ISR ló lè fa interrupt). Bí driver Linux bá fẹ́ gbé pákẹ́ẹ̀tì jáde, á kọ́kọ́ kọ 0 sínú IMR kí interrupt má baà dá a lọ́nà, á wá dá 0x3F padà tó bá ṣe tán. Bí ring (àyè tí pákẹ́ẹ̀tì tó wọlé ń dúró sí) bá kún láàárín ìgbà yẹn ńkọ́? Àfi kí wáyà dìde lójú ẹsẹ̀ tí 0x3F bá wọlé, torí pé lórí ISA (bus àtijọ́ tí káàdì yìí ń lò), ìdìde yẹn gan-an ni PIC (chip tó ń gba IRQ fún CPU) ń ṣọ́. Ẹ kọ function kan ṣoṣo tó ń ṣírò wáyà yìí, kẹ́ ẹ máa pè é nígbàkigbà tí ISR tàbí IMR bá yí padà.

RST, bíìtì 7 nínú ISR (àmì pé chip wà ní ipò reset), kì í fa interrupt rárá, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ nǹkan sí i kò ràn án. Driver á kọ 0xFF sí ISR. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn pa RST rẹ́. (Mo ti rí emulator tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.) Ní ti CNT (bíìtì ISR fún àwọn counter tó ń ka àṣìṣe), kì í ṣe gbogbo àṣìṣe CRC ló ń tàn án: ó di ìgbà tí ọ̀kan nínú counter mẹ́ta yẹn bá pé 128.

Ẹ dán an wò báyìí: PSTART (ìbẹ̀rẹ̀ ring) 0x46, PSTOP (òpin rẹ̀) 0x80, ẹ má sún BNRY (àmì ibi tí driver kà dé) rárá, kẹ́ ẹ wá máa rọ́ pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1514 sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba page 6 (page kan jẹ́ báìtì 256) nínú 58, nítorí náà ìkẹwàá ló yẹ kó fa OVW. Bó bá ṣáájú ìyẹn tàbí tó pẹ́ jù ú lọ, ẹ gbé kóòdù tó ń ṣírò àyè inú ring síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.