Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ohun tó kù láti kọ́ nípa ìtọ́jú àgbàlagbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni mí. Wọ́n fẹ́ rán wa lọ sí ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n ṣí ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní ọdún 2012, wọ́n sì ní kí kálukú kọ ohun tó yẹ kó kọ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí n kò mọ̀?

Ìdáhùn: Má ṣe ti ibi ìwé tí o ti kà bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ka ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń rò pé òun ti mọ ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó náà. Bẹ olùkọ́ rẹ kó jẹ́ kí o yẹ ìyá àgbà kan tó ṣubú nílé wò níṣojú òun, kí o sì kọ gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ ti dúró sílẹ̀.

Ṣé o wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, tí o sì tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó dìde dúró? Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, o ti rí ohun tó lè máa fa òòyì tó ń kọ́ ọ. Ṣé o ní kí wọ́n tú àpò oògùn rẹ̀ sílẹ̀, àbí káàdì nìkan ni o kà? Inú àpò náà ni o ti lè bá oògùn oorun àti oògùn ara ríro tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un; àgbo ńkọ́, tí kì í sí nínú káàdì rárá? Ṣé o bi í bóyá ó ń dá wẹ̀, tó ń dá wọṣọ, tó ń dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó ń dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, tó sì ń dá jẹun? Ohun 6 yìí ló wà nínú òṣùwọ̀n bí ènìyàn ṣe ń dá tọ́jú ara rẹ̀, èyí tí dókítà kan tó ń jẹ́ Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1963, òun ni mo sì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò jù.

Ti ọpọlọ ló le jù. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ìsọkúsọ láti àná yàtọ̀ sí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń rà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan: ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ delirium, ìyẹn kí ọpọlọ dàrú lójijì, èyí tí àìsàn kòkòrò, àìtó omi ara tàbí oògùn lè fà, pàjáwìrì sì ni. Bí ọmọ rẹ̀ bá ní ọjọ́ ogbó ló fà á, tí ìwọ náà sì gbà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibẹ̀ kù fún ọ.

Nígbà tí o bá ń kọ ọ́, má kọ “mo fẹ́ mọ̀ nípa ìṣubú.” Kọ “mo fẹ́ lè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìdùbúlẹ̀ àti ti ìdúró láìjẹ́ pé ẹnìkan rán mi létí,” kí olùkọ́ rẹ lè rí i bóyá o ti lè ṣe é kí o tó kúrò níbẹ̀.