Bí ọta ọ̀sán bá ré kọjá, ẹ má tíì bú àgbá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tá a jọ bọ́ṣọ ogun sílẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Ìpẹ̀rù ló bèèrè pé: àgbá 105 (tí ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 105) kan náà, iye kan náà lórí sáìtì tá a fi ń fojú sun ún, ojú ibì kan náà; ọta àárọ̀ bọ́ síbi tá a fẹ́, ti aago méjì ọ̀sán ré kọjá. Kí ló dé? Ẹnì kan láti Ṣágámù ti dá a lóhùn pé àgbá náà ti gbó. Ẹ jọ̀ọ́, ìdáhùn yẹn dorí kodò.

Àgbá tó bá gbó, ẹ̀yìn ni ọta rẹ̀ máa ń bọ́ sí, kì í dé ibi tá a fẹ́. Inú ihò rẹ̀ ti jẹ, ooru ẹ̀tù á máa gba ẹ̀gbẹ́ ọta sá lọ, agbára tó yẹ kó ti ọta jáde á sì dín. Bí ọta bá ré kọjá, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ wò, ibi àkọ́kọ́ sì ni ẹ̀tù.

Ẹ̀tù tó gbóná máa ń yára jó ju èyí tó tutù lọ. Bó bá ti yára jó, ọta á yára kúrò lẹ́nu àgbá, á sì lọ jìnnà. Ìwé ìṣirò tí àwọn NATO, ẹgbẹ́ ológun àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, fi ń mọ ibi tí ọta máa bọ́ sí gbà pé ẹ̀tù wà ní 21°C. Ti àwọn ará Rọ́ṣíà, 15°C ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Ẹ wá wo ilẹ̀ wa. Ní Rẹ́mọ níbí, ta ló máa rí ẹ̀tù tó wà ní 15? Oòrùn ọ̀sán a máa dé 33, àpótí ẹ̀tù tó wà níta gbangba á sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Kachia ní ìpínlẹ̀ Kaduna, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, òwúrọ̀ ọyẹ́ lè tutù débi pé ẹ̀wù òtútù ni gọ́nà, ẹni tó ń yin àgbá, á wọ̀, kó sì di ọ̀sán kí òógùn bò ó. Ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán yẹn gan-an lẹ rí níbi tí ọta bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná pẹ̀lú fúyẹ́, kì í di ọta lọ́wọ́ tó ti àárọ̀, nítorí náà ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì ń tì í sí: iwájú.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ fi tẹmómítà wọn ẹ̀tù náà, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ìta. Àárín òkìtì ni kẹ́ ẹ kì í bọ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ kó fìdí múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹni tó bá wọn ẹ̀tù tó wà lókè pátápátá, oòrùn ló wọ̀n. Kẹ́ ẹ tún un wọ̀n bí oòrùn bá ṣe ń gun òkè. Ẹ fi igi tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí kó má kanlẹ̀, ẹ sì na tapólì sókè kó má fara kan àpótí, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín wọn kọjá. Tapólì tó bá lẹ̀ mọ́ àpótí, ààrò lẹ dá sílẹ̀ yẹn.

Ọta tó ti wà nínú ihò àgbá gbígbóná nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró, tòun tẹ̀tù rẹ̀ ló ń yá iná níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá yìn ín, yóò ré àwọn yòókù kọjá. Bó bá sì pẹ́ jù, ó lè dún fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí àgbá bá ti gbóná, ẹ má ki ọta sínú rẹ̀ kí wọ́n tó pàṣẹ.

Ibi tó ń dun àwọn tó wà níwájú jù rèé: ẹni tó ń wo ibi tí ọta ń bọ́ sí á kàn ní kẹ́ ẹ fà á sẹ́yìn 200, ọta á sì bọ́ síbi tó yẹ. Gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Ẹ ò rí i pé ẹ ti fi àtúnṣe bo ìgbóná ẹ̀tù mọ́lẹ̀. Bó bá di òru tí ẹ̀tù tutù, tẹ́ ẹ sì tún lo iye ọ̀sán yẹn, ọta á bọ́ sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun tiwa ló sì wà níbẹ̀.

Kejì, ẹ wo ara ọta. Lára ọta 105, wọ́n máa ń kun àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń sọ bó ṣe wúwo tó. Méjì ni ìwọ̀n tí ìwé ìṣirò gbà. Ti Rọ́ṣíà, lẹ́tà kan tó dà bí H ló dúró fún ìwọ̀n gidi, + ni pé ó wúwo jù, − ni pé ó fúyẹ́. Ẹ ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ ẹ bá pò wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ̀ ń tún ṣe.

Àpò ẹ̀tù 105 jẹ́ méje, wọ́n fi okùn so wọ́n tẹ̀ léra, nọ́ńbà sì wà lára wọn. Bí wọ́n bá pe charge 5 (àpò ẹ̀tù márùn-ún), ẹ yọ 6 àti 7, kí 1 sí 5 ṣẹ́ kù nínú kátíríìjì, agolo tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹni tó yọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbé èyí tó yọ sókè kí ọ̀gá àgbá kà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kíka èyí tó wà nínú kátíríìjì nìkan kò tó. Ojú tó ti rẹ̀ lè ka mẹ́rin sí márùn-ún. Bó bá lọ pẹ̀lú àpò mẹ́rin, ẹ̀yìn ló máa bọ́ sí, kò sì sí gọ́nà tó lè pè é padà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́ta ń lọ, kì í ṣe iwájú tàbí ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ mil, ìwọ̀n kéékèèké tá a fi ń pín òbìrípo láti mọ ọ̀nà tí àgbá kọjú sí, ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ohun èlò NATO pín òbìrípo sí 6400. Àgbá D-30 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Rọ́ṣíà pín in sí 6000. Ilé iṣẹ́ ogun wa ń lo irú méjèèjì, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wọlé. Gúúsù jẹ́ 3200 lórí ọ̀kan, 30-00 (ìyẹn 3000) lórí èkejì. Bẹ́ ẹ bá gba 3200 lórí rédíò, tẹ́ ẹ sì gbé e bẹ́ẹ̀ sórí sáìtì D-30, ẹ ti fi dígírí 12 ṣìnà. Ní kìlómítà márùn-ún, ìyẹn ju kìlómítà kan lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ sọ iye 6400 tẹ́ ẹ gbà di ìlọ́po 15, kẹ́ ẹ pín in sí 16, yóò di ti D-30. Kẹ́ ẹ ṣe é lórí ìwé, ẹ má fi orí lásán ṣe é.

Ọ̀pá àmì méjì tí gọ́nà máa ń fojú sun láti mọ̀ bóyá àgbá yẹ̀ ńkọ́? Èyí tó jìnnà, 100 mítà. Èyí tó sún mọ́, 50 gẹ́lẹ́. Lásìkò òjò, lórí ilẹ̀ amọ̀, àgbá á máa wọlẹ̀, á sì máa yẹ̀ lẹ́yìn ọta bíi mélòó kan, ọ̀pá méjèèjì ò ní bo ara wọn mọ́ lójú sáìtì. Ẹ yí i títí ọ̀pá tó jìnnà á fi wà láàárín méjì ọ̀pá tó sún mọ́ àti ìlà tó dúró nínú sáìtì. Ọ̀nà àgbá ti padà bọ̀ sípò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹsẹ̀ wọn 50 ní ìwọ̀n-ọ̀n-wọ̀n, irọ́ ni ọ̀pá rẹ̀ á máa pa fún un. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo lẹ́fẹ́ẹ̀lì (ohun tó ń fi hàn bóyá àgbá dúró gbọọrọ) pẹ̀lú, kó tó yẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Òde tún fẹ́ mọ irú àgbá tí òyìnbó gbé wá bá àwa Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmágbọn ní May 1892, ṣé ó tó D-30. Kò tó rárá. 7-pounder ni, àgbá kékeré tí wọ́n ń tú palẹ̀ kí aláàárù lè rù ú gba inú igbó. Ihò rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3, ọta rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlò mẹ́ta, ẹnu ni wọ́n sì ti ń kì í bí wọ́n ṣe ń ki ṣakabùlà lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Kò ní ohun tó ń gba ìtagìrì rẹ̀ mọ́ra: bó bá ti dún, tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń fò sẹ́yìn, wọ́n á tún tì í padà, wọ́n á tún fojú sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló fi lọ́ra. Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta tí àwọn Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott, olórí ogun òyìnbó níbẹ̀, gbé dání, kò ní irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Agbára ìtagìrì tirẹ̀ ló fi ń ki ọta mìíràn fúnra rẹ̀.