Àtọ̀gbẹ Bàbá Mi, Ṣé Òun Ni Ò Jẹ́ Kí N Tíì Rọ́mọ Bí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ó ti lé lọ́dún méjì tí èmi àti ìyàwó mi ti ń wá ọmọ, ìyàwó mi ti ṣe gbogbo tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kò síṣòro. Bàbá mi ti ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó bí mi. Ṣé àìsàn wọn ló ń bá mi jà? Ṣé ọmọ tí mo bá bí náà ò ní jìyà ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an. Ìyàwó yín ti ṣe tiẹ̀, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò sọ pé ẹ ti yẹ àtọ̀ tàbí ṣúgà yín wò, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ alátọ̀gbẹ tètè ń ní in ju ẹlòmíì lọ, ó sì lè wà lára èèyàn fọ́dún púpọ̀ kó má mọ̀, á máa jẹ á máa mu. Ṣúgà tó bá ga títí máa ń ba DNA (ìlànà tí ara fi ń dá ọmọ) tó wà nínú sperm, ìyẹn irúgbìn ọmọ inú àtọ̀, jẹ́, sperm ò ní lè rìn dáadáa mọ́, nǹkan ọmọkùnrin lè má le bó ṣe yẹ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí àtọ̀ wọn ń padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde, wọ́n á rò pé ó ti tán lára àwọn, bẹ́ẹ̀ inú ìtọ̀ ló wà, dókítà sì lè rí i níbẹ̀.

Ti bàbá yín wàyí. Kì í ṣe jíìnì, ìyẹn àwọn ẹ̀ka DNA tó ń mú kí ọmọ jọ òbí, nìkan ni bàbá ń fún ọmọ, àwọn àmì kéékèèké kan wà lára DNA sperm tó ń sọ fún jíìnì pé ìwọ ṣiṣẹ́, ìwọ dákẹ́, ṣúgà àti ọ̀rá sì lè yí wọn padà. Lára eku ni wọ́n ti rí i jù. Ìwádìí kan jáde ní 2012, wọ́n fi oúnjẹ ọlọ́ràá bọ́ akọ eku títí wọ́n fi sanra, àtọmọ àtọmọ-ọmọ wọn ni bíbí wá ń ni lára, bẹ́ẹ̀ àwọn ò jẹ nínú oúnjẹ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe eku o, ẹni tó bá wojú yín tó ní bàbá yín ló fà á, ẹ sá fún un. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa wo bàbá bí ọ̀daràn.

Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì àtọ̀, kẹ́ ẹ ti yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 2 sí 7, kẹ́ ẹ sì ṣe HbA1c, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń sọ bí ṣúgà yín ṣe rí láti bí oṣù 2 sí 3. Sperm tuntun ń gbà tó oṣù méjì àti ààbọ̀ kó tó gbó, torí náà tẹ́ ẹ bá ń ṣọ́ ṣúgà, tẹ́ ẹ ń rìn, tẹ́ ẹ dín ọ̀rá kù, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta lẹ máa tún yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn náà ló lè ran ọmọ tẹ́ ẹ máa bí lọ́wọ́, torí sperm tó bá gbó lásìkò náà lẹ fi máa bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún yín lábẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, pé ó ń fún ọkùnrin lágbára, ó máa ń dá sperm dúró ni.