Kí ló ń gbé oòrùn dé orí láfún mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Láfún ni mò ń ṣe tà ní Ṣàgámù, orí tapólì ni mo sì máa ń sá a sí. Ọmọ mi tó wà ní JSS3 ní kò sí nǹkan kan láàárín ayé wa yìí àti oòrùn, kò tiẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Mo ní bí kò bá sí nǹkan kan, kí ló wá ń gbé ooru yẹn dé orí láfún mi? Kò rí i dáhùn, èmi náà ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wa dá sí i.
Ìyá Aláfún, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláfún, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ìbéèrè tiyín náà sì jinlẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé bèèrè ohun kan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi wá ìdáhùn rẹ̀.

Ohun tó ta kókó níbẹ̀ ni pé ìgbì tí a mọ̀ máa ń ní ohun tó ń gbé e. Ẹ ju òkúta sódò, omi ló ń gbé ìgbì rẹ̀ dé etí bèbè. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ìró, kì í sì í yára. Ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń yìnbọn, ẹni tó dúró lókèèrè á ti rí èéfín kó tó gbọ́ ìró.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ kan tí n kì í sì í fò ni ti agogo inú ìgò. A ó so agogo oníná kékeré kọ́ sínú ìgò ńlá, a ó tàn án, gbogbo kíláàsì á gbọ́ bó ṣe ń ké. Lẹ́yìn náà la ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn agogo á máa rẹlẹ̀, títí tí yóò fi dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn, ara wáyà tí a fi so ó ló ń gbà jáde. Àwọn ọmọ á máa fi etí lẹ ìgò. Èmi á ní kí wọ́n fi ojú wò ó: òòlù kékeré náà ṣì ń lu agogo, a sì ń rí i kedere. Afẹ́fẹ́ lọ, ìró bá a lọ, ìmọ́lẹ̀ dúró.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni n ó fi ṣàlàyé ti ìmọ́lẹ̀. Ó ní dáínámò kan tó máa ń fara kan táyà ẹ̀yìn. Nínú rẹ̀, òòfà ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n ká. Bí bàbá mi bá ń wa kẹ̀kẹ́ lọ, iná iwájú á tàn. Bó bá dúró kí èèyàn, iná á kú. Òòfà náà ṣì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n òòfà tó dúró jẹ́ẹ́ kì í mú iná wá, àfi èyí tó ń yí. Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló fi èyí hàn ní England ní 1831. Iná tó ń gba inú wáyà kọjá náà a sì máa yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, bí òòfà gẹ́lẹ́.

Maxwell, ọmọ Scotland, ló wá rí i pé wọn ò nílò wáyà rárá. Níbi tí agbára iná bá ti ń yí padà, á bí agbára òòfà. Bí ti òòfà náà bá ń yí padà, á tún bí ti iná. Ọ̀kan ń bí èkejì, wọ́n sì jọ ń lọ síwájú. Ó ṣírò bí wọ́n ṣe máa yára tó, ohun tó rí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eré ìmọ́lẹ̀ tí àwọn mìíràn ti wọ̀n mu: nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 1865 ló kọ ọ́ jáde pé ìmọ́lẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, n kò sùn bọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì gbà pé nǹkan kan tí a kò rí ló ní láti máa gbé e. Wọ́n pè é ní ether. Ní 1887, ní Cleveland, Amẹ́ríkà, Michelson àti Morley to dígí sórí òkúta ńlá kan tó léfòó lórí mẹ́kúrì, wọ́n ń wá ipa ether náà lára ìmọ́lẹ̀ bí ilẹ̀ ayé ṣe ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ tí wọ́n retí nínú eré ìmọ́lẹ̀ láti ìhà kan sí èkejì, wọn ò rí i.

Nítorí náà, Ìyá, kò sí ohun tó ń gbé e. Ó ń gbé ara rẹ̀. Èyí tó ń bọ́ sórí láfún yín ti rin nǹkan bí kìlómítà mílíọ̀nù 150 láàárín ìṣẹ́jú 8 àti àáyá 20. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ìgbì tó ń wọ inú rédíò yín. Gígùn wọn ló yàtọ̀. Ti FM gùn tó nǹkan bíi mítà 3, ti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Láàárín méjèèjì ni irú kan wà tí ojú kì í rí, òun náà sì wà lára ohun tó ń gbẹ láfún yín.

Irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí yìí náà ni rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò. Tí ọmọ yín bá fẹ́ rí i, kó kọ orí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà fóònù, kó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kó sì wo ojú fóònù: á rí iná kékeré kan tó ń ṣẹ́jú níbi tí ojú lásán kò ti rí nǹkan kan. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn kò bá fi hàn, kó gbìyànjú ti iwájú.