Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹ Fẹ́ Gbé Jíìpù Àtijọ́ Sókè?

Land Cruiser 80 ti ọdún 1996 ni mo ní. Oko mi wà lẹ́yìn Kuje, ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣeé rìn bí òjò bá ti rọ̀. Mẹkáníìkì mi ní Apo ní kí n gbé ọkọ̀ náà sókè ní íǹṣì mẹ́rin. Ṣé kí n gbà? (Òǹkàwé kan, Lugbe)

Ẹ má gbà. Íǹṣì méjì ti tó. Bí ẹ bá pààrọ̀ sípíríǹgì, ṣáàsì àti ara ọkọ̀ nìkan ló ń lọ sókè. Axle, irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀, differential, koko irin tó wà láàárín axle, ló máa ń kọ́kọ́ gbá òkìtì àárín ọ̀nà oko. Táyà nìkan ló lè gbé ìyẹn sókè. Bí ẹ bá kúrò lórí 275/70R16 bọ́ sórí 285/75R16, differential á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ga sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ íǹṣì méjì tí sípíríǹgì fi kún un ni pé kí táyà ńlá yìí ráyè yí láì ha ara ọkọ̀, kí ikùn ọkọ̀ má sì máa wọ́lẹ̀. Ohun tí íǹṣì mẹ́rin máa mú wá ju ìyẹn lọ ni kí pùrọ̀pẹ́là dagun, kí ọkọ̀ sì máa fì bí tírélà bá kọjá lára rẹ̀ lọ́nà Lokoja. Ẹ rántí o: pẹ̀lú táyà yẹn, bí mítà bá ka 100, eré yín ti tó 105.

Ẹrù tó ń wà nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi yan sípíríǹgì, kì í ṣe ẹrù ọjọ́ ìkórè. Àpò ajílẹ̀ mẹ́jọ jẹ́ 400 kg. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń gbé e, tẹ́ ẹ wá ra sípíríǹgì ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe fún 400 kg gbogbo ìgbà, ìdí ọkọ̀ á ga sókè, á sì máa ta yín lórí gbogbo kòtò. Èyí tó wà fún ẹrù díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Níwájú, ẹni tó bá ti so bọ́ńpà irin àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ mọ́ ọn nìkan ló nílò èyí tó le.

Mo ti ra sípíríǹgì mẹ́rin. Kí ló kù kí n rà, báwo ni wọ́n ṣe ń dè é? Land Cruiser 80 ni tèmi náà. (Òǹkàwé, Kaduna)

Ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀, búùṣì caster mẹ́rin fún apá iwájú, ìyẹn irin gígùn méjì tó so axle mọ́ ṣáàsì (ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀), àti ọ̀pá rọ́bà bíréèkì tó gùn. Ẹ lè rí búùṣì àti ọ̀pá ní ọjà Panteka, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Kí wọ́n tó tú nǹkan kan, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wọn ibi tí àárín rímù wà sí etí ara ọkọ̀ tó wà lókè táyà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ táyà á tàn yín jẹ.

Ṣáàsì ni kí wọ́n gbé lé irin ìdúró, kì í ṣe axle, kì í sì í ṣe búlọ́ọ̀kù, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì. Jáàkì á wà lábẹ́ axle. Kí wọ́n tú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n tú ìdè ọ̀pá bíréèkì, kí wọ́n wá rọra sọ axle kalẹ̀ títí sípíríǹgì á fi bọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ láì tú ọ̀pá ló máa ń já a.

Kí sípíríǹgì tuntun tó wọlé, ẹ de ṣọ́ọ̀kì sí i nìkan, kẹ́ ẹ fi jáàkì gbé axle títí yóò fi kan rọ́bà ìkanlẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí axle gbá ṣáàsì. Ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ṣì ní àyè díẹ̀ láti wọlé sí i. Bó bá ti kanlẹ̀ ṣáájú rọ́bà, òun ni yóò máa gba gbogbo ìlù kòtò, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí axle wá sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ wo ọ̀pá bíréèkì: kò gbọ́dọ̀ le tan-in. Ẹ wo ọ̀pá tín-ín-rín tí differential fi ń mí náà. Bó bá já, omi á wọnú differential lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá la odò kọjá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé: wọ́n ń de bóòtù àwọn apá pa nígbà tí axle ṣì ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Rọ́bà búùṣì lẹ̀ mọ́ irin tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dè é pa báyẹn, á ti lọ́ kí ọkọ̀ tó balẹ̀, ọkọ̀ á ga ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà á sì ya láàárín oṣù díẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ de bóòtù díẹ̀, kó má tíì le, kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí táyà rẹ̀, kí wọ́n mì í sókè sódò, kí wọ́n tó dè é pa. Lẹ́yìn 500 km, kí wọ́n tún un dè.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Land Cruiser 80 mi sókè ló ti ń rìn gbéregbère lójú ọ̀nà Keffi. Aláíǹmẹ́ǹtì ẹ̀ẹ̀mejì kò ràn án. (Òǹkàwé, Nyanya)

Kò lè ràn án. Lórí 80, kìkì bí orí táyà iwájú méjèèjì ṣe kọjú síra ni aláíǹmẹ́ǹtì ń tún ṣe. Ohun tẹ́ ẹ pàdánù ni caster, ìyẹn bí ibi tí táyà ti ń yí sọ́tùn-ún sósì ṣe tẹ̀ sẹ́yìn. Òun ló ń dá sítíárìn padà sójú kan. Ìwọ̀n rẹ̀ látilẹ̀ sún mọ́ digírì mẹ́ta, íǹṣì méjì sì máa ń jẹ nǹkan bíi méjì nínú rẹ̀. Búùṣì tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an ló ń dá a padà: méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, níbi tí apá ti so mọ́ axle. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni kí wọ́n fi wọ̀ ọ́, kì í ṣe òòlù, kí àmì ara rẹ̀ sì kọjú síbi tí ìwé rẹ̀ wí, torí bí wọ́n bá yí i sódì, gbéregbère náà á di ìlọ́po méjì. Kí wọ́n tó náwó yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí wọ́n mì í. Bó bá ń yẹ̀, bẹ́ríǹ tàbí orí ọ̀pá sítíárìn ti jẹ.

Hilux àtijọ́, torsion bar (ọ̀pá irin tó ń lọ́ dípò sípíríǹgì) níwájú. Ṣé kí n kàn yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sókè ni? (Òǹkàwé, Jos)

Íǹṣì kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Torsion bar kì í le sí i bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Ó kàn ń gbé iwájú sókè ni, táyà kò sì ní ráyè sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò mọ́. Rọ́bà ìbòrí CV, ìyẹn oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú, náà á máa ya. Lẹ́yìn, níbi tó jẹ́ sípíríǹgì pẹlẹbẹ, irin kan sí i sàn ju kẹ́ ẹ ki búlọ́ọ̀kù irin sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ra bóòtù U tuntun. Èyí tí wọ́n ti tú kì í dì dáadáa mọ́.

Bíréèkì ẹ̀yìn Land Cruiser mi ti rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì, kò yàtọ̀. (Òǹkàwé, Kubwa)

Páàdì kọ́. Fáàfù kan wà lára ṣáàsì lẹ́yìn tó ní ọ̀pá tó so mọ́ axle. Gíga ọkọ̀ ló fi ń mọ̀ bóyá ẹrù wà níbẹ̀. Ní báyìí tí ṣáàsì ti jìnnà sí axle, ó rò pé ọkọ̀ ṣófo, ó sì ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Kí wọ́n gbé ibi tí ọ̀pá náà ti so mọ́ axle sókè ní ìwọ̀n tí ọkọ̀ fi ga, kí wọ́n wá tú afẹ́fẹ́ inú bíréèkì jáde. Níbi tí kò sí èrò ni kẹ́ ẹ ti dán an wò, kẹ́ ẹ tó gbé e bọ́ sójú títì ńlá.