Ìbéèrè Yín: Láti Kútọnù dé Paris, wákàtí mélòó ni?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris a máa wá kí wa ní Kétu. Nínú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàlọ rẹ̀ ti oṣù Keje, bàálù gbéra ní Kútọnù ní agogo mọ́kànlá alẹ́, ó sì balẹ̀ ní Paris ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Nínú ti oṣù Kejìlá, agogo mọ́kànlá náà ló gbéra, ṣùgbọ́n agogo márùn-ún ààbọ̀ ló balẹ̀. Ṣé bàálù ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yára jù ni? Báwo sì ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó? — Bàbá kan, Kétu.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àkíyèsí. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù méjèèjì lò. Agogo Kútọnù ni wọ́n fi kọ ìgbà tí ó gbéra, agogo Paris ni wọ́n sì fi kọ ìgbà tí ó balẹ̀. Agogo tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ kì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Faransé a máa sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọn a sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kejìlá, agogo kan náà ni àwa àti àwọn ń lò. Ní oṣù Keje, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Ẹ yọ wákàtí yẹn kúrò nígbà tí ọmọ yín bá ń lọ lásìkò òjò, kí ẹ sì fi kún un nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ní ti jíjìn ọ̀nà, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀, ohun tó sì wù mí jù lọ nínú ìbéèrè yín nìyí. Kútọnù àti Paris fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan ṣoṣo tó lọ tààrà láti gúúsù sí àríwá. Kétu pàápàá kò jìnnà sí ìlà náà. Kútọnù fi dígíríì 6 àti díẹ̀ wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Paris sì fi 49 wà níbẹ̀. Dígíríì kan lójú ìlà bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bíi 111 kìlómítà, nítorí pé àyíká ayé, tó jẹ́ nǹkan bíi 40,000 kìlómítà, ni a pín sí 360. Bí ẹ bá yọ 6 àti díẹ̀ yẹn kúrò nínú 49, tí ẹ sì fi 111 sọ ìyókù di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní 4,700 kìlómítà, ó sì gba orí Nìjẹ̀r, Málì, aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà àti Òkun Mẹditaréníà kọjá.

Bàálù ńlá a máa sá tó 850 sí 900 kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti gòkè tán. Ìṣirò yìí nìkan kò tó wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n wíwọ́ lórí ilẹ̀, gígòkè, sísọ̀kalẹ̀ àti yíyà fún ojú ọjọ́ tí kò dára a máa jẹ àsìkò. Ọ̀rọ̀ ìjọba náà a sì máa dá sí i: nígbà tí Nìjẹ̀r ti òfuurufú rẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba, àwọn bàálù tí ń gba ibẹ̀ ní láti yí po, ìrìn wọn sì gùn sí i.

Kí ẹ má gbàgbé ọ̀nà ilẹ̀. Láti Kétu, bí ẹ bá gba Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé pápákọ̀ òfuurufú Cadjèhoun ní Kútọnù, ó ju 110 kìlómítà lọ, ó sì yẹ kí ọmọ yín ti débẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí bàálù tó gbéra. Bí ó bá jẹ́ agogo mọ́kànlá alẹ́ ni, kí ó kúrò nílé kí oòrùn ọ̀sán tó yẹ̀.