Yíya fọ́tò erè fún àwòrán Òṣùmàrè lára ògiri

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kun Òṣùmàrè, òrìṣà tí wọ́n ń fi ejò ṣàpẹẹrẹ, sára ògiri kan ní Bódìjà, kí ẹ sì ya òwe àwọn ejò tó kọ́wọ̀ọ́rìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ti lọ ya erè ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ gbogbo fọ́tò yín dà bíi bẹ́líìtì tí ẹnì kan jù sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín wá ní kí ẹ yá ejò, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀ kó lè dúró jẹ́ẹ́.

Ti fíríìjì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ibi tí ejò bá wà ló ti ń gba ooru. Tí ara rẹ̀ bá tutù jù, oúnjẹ inú rẹ̀ ò ní dà, àrùn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì lè kú. Fọ́tò náà ò tiẹ̀ ní dára. Ejò tí òtútù mú kì í gbé orí sókè, kì í yọ ahọ́n, ìrì á sì bo gbogbo ìpẹ́ rẹ̀ gbàrà tí afẹ́fẹ́ ìlú wa bá kàn án. Ẹni tó bá mọ ejò máa rí i pé ẹni tó ya àwòrán yìí fìyà jẹ ẹranko.

Ohun tó ba fọ́tò yín jẹ́ ni pé orí ìdúró ni ẹ ti yà á. Téèyàn bá wo ejò láti òkè, ẹ̀yìn nìkan ló máa rí. Ojú, ihò imú àti ìlà ẹnu ti sọnù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí lẹ́ǹsì á fi dọ́gba pẹ̀lú ojú ejò. Ojú tó sún mọ́ yín ni kí ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dì mú. Tí ojú yẹn bá rí bàìbàì, fọ́tò náà ti bàjẹ́, bó ti wù kí ara tó kù mọ́ kedere tó. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ má lo lẹ́ǹsì rẹ̀ tó ń mú ibi tó fẹ̀, torí ó máa ń sọ orí di ńlá, á sì sọ ara di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ yan 2x tàbí 3x, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ tẹ ojú ejò lórí sìkìrínì mọ́lẹ̀ títí tí fóònù á fi di ibẹ̀ mú. Lórí kámẹ́rà, lẹ́ǹsì 90 mm sí 105 mm ló dára jù. Ẹ fi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì sí f/8 tàbí f/11. Tí ẹ bá lo f/2.8 nítòsí, ojú á mọ́, imú á sì rí bàìbàì. Tí ẹ bá fẹ́ mú ahọ́n, ìyára 1/500 ìṣẹ́jú àáyá ló kéré jù, kí ẹ sì máa yà á léraléra, torí ahọ́n kì í pẹ́ níta.

Tí gíláàsì bá wà láàárín yín, ẹ nu apá tiyín, ẹ pa fíláṣì, kí ẹ fi ẹnu lẹ́ǹsì kan gíláàsì náà gan-an. Ẹ fi aṣọ dúdú bo àlàfo tó bá kù, àwòrán ara yín ò ní hàn níbẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ wáyà ni, ìdàkejì f/8 lẹ máa ṣe: ẹ fi lẹ́ǹsì gígùn sún mọ́ wáyà náà, ẹ ṣí i dé f/4, kí wáyà wà níbi òjìji, yóò sì parẹ́ nínú fọ́tò. Ẹ má gbá gíláàsì. Ejò ò ní etí níta, àmọ́ ìró ẹsẹ̀ àti gbígbá yẹn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti inú ilẹ̀, á sì ká ara rẹ̀ jọ, á fi orí pamọ́. Láti 1948 ni wọ́n ti ń kó ẹranko sí ọgbà yẹn fún ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ bá àwọn olùtọ́jú sọ̀rọ̀, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí erè jẹun kẹ́yìn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn oúnjẹ. Erè tí wọ́n bá dà láàmú tí ikùn rẹ̀ ṣì kún lè bì.

Tí olùtọ́jú bá gbé e síta fún yín, orí ilẹ̀ pupa tàbí ewé gbígbẹ ni kó gbé e sí, kì í ṣe orí táìlì. Orí táìlì, ejò ò rí ohun tó máa fi ara tì, á kàn máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn náà á sì hàn nínú fọ́tò. Ẹ má na ọwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké wà létè erè tó fi ń mọ ooru, ọwọ́ tó gbóná sì lè jọ oúnjẹ lójú rẹ̀.

Ti òṣùmàrè gan-an ló ká mi lára jù, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń wá lọ sí òkèèrè wà lára ejò náà fúnra rẹ̀. Erè ní òṣùmàrè lára ní tòótọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ bá bà lé e, ẹ máa rí àwọ̀ búlúù, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò tó ń yí padà lórí ìpẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Kò sí aró kankan níbẹ̀. Ojú ìpẹ́ náà tó ní ìpele tín-ín-rín ló ń pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ibi tí awọ bá ti dúdú ló ti ń hàn jù, torí dúdú tó wà lábẹ́ ń gba ìmọ́lẹ̀ tó kù mọ́ra.

Fíláṣì kékeré ò lè mú un. Ńṣe ni yóò fi àmì funfun kan sórí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ lẹ nílò: ẹnu ọ̀nà ńlá tó ṣí, tàbí oòrùn tó gba inú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá. Ẹ yọ fílítà polarizer kúrò, torí dídán orí awọ ló wà fún láti pa, ó sì lè pa òṣùmàrè yìí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà kù sí −2/3 tàbí −1, nítorí pé nígbà tí kámẹ́rà bá rí ohun dúdú, ó máa ń fẹ́ sọ ọ́ di eérú. Ẹ má fi àwọ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti yàn fúnra rẹ̀. Ẹ fi sí ti oòrùn, nǹkan bíi 5500K. Lẹ́yìn náà ẹ dúró sójú kan, kí ẹ jẹ́ kí ejò rìn. Bó bá ti yí ara díẹ̀, àwọ̀ á tàn.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Kí ejò tó bọ́ awọ, ojú rẹ̀ máa ń di búlúù ràkọ̀ràkọ̀, torí pé kò ní ìpéǹpéjú. Ìpẹ́ kan tó mọ́ gaara ló bo ojú, òun náà sì wà lára awọ tó ń bọ́. Ní àsìkò yẹn, ara rẹ̀ á ṣá, kò ní ríran dáadáa, inú á sì máa bí i. Ẹ fi í sílẹ̀. Ojú á tún mọ́, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan á bọ́ awọ. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé bíbọ́ yẹn ni kí ẹ lọ. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń jẹ́ kí awọ já wẹ́wẹ́, kí díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara. Àsìkò òjò ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Tí ẹ bá máa ya òṣùmàrè sójú ọ̀run lẹ́yìn erè náà, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bára mu. Ẹ̀yìn ẹni tó ń wo òṣùmàrè ni oòrùn máa ń wà nígbà gbogbo. Ó túmọ̀ sí pé iwájú ni ìmọ́lẹ̀ á ti bá erè yín, òjìji rẹ̀ á sì lọ sẹ́yìn. Òṣùmàrè kì í yọ lójú ọ̀run tí oòrùn bá ti ga ju ìwọ̀n 42 lọ, nítorí náà òjìji ọ̀sán gangan ò bá a mu. Òjìji gígùn ti àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yà. Pupa ló wà lókè, àlùkò nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ya èkejì tó ṣá sókè rẹ̀, ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí pupa wà nísàlẹ̀.

Ní ti òwe yín, "bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí erè ń wọ́ tuuru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró?", ẹ má ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìgbì kan náà lára. Ejò tó sanra tí kò kánjú máa ń lọ ní títọ́, ìpẹ́ ikùn rẹ̀ tó fẹ̀ ló fi ń fa ara rẹ̀. Ẹni tó pa òwe náà ti wo erè dáadáa. Ara ọká kúrú, ó sì ki. Orí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ kéré, àmì onígun mẹ́ta dúdú wà lábẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọ ewé gbígbẹ. Ìpẹ́ rẹ̀ ní ìlà tó yọ sókè láàárín, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dán. Ẹ má fi òróró dídán kun ún. Paramọ́lẹ̀ tó máa ń mí tagbáratagbára ní àmì bíi lẹ́tà V lẹ́yìn, ṣóńṣó V náà sì kọjú sí ìrù. Erè ńlá ní àmì dúdú bí orí ọfà lórí, àti ìlà tó mọ́ láti imú kọjá òkè ojú. Ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní dúdú tó dúró lóòró. Ti sèbé ló rí róbótó. Àárín ara ló ki jù, kì í ṣe ọrùn, ìrù wọn sì kúrú. Ahọ́n ń gba àlàfo kékeré níwájú ètè jáde, nítorí náà ẹ má la ẹnu ejò torí kí ahọ́n lè hàn. Erè ò sì ní eyín oró. Eyín wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn ló ní.

Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Sèbé tí àmì bí awò ojú wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ti Íńdíà ni. Dúdú tiwa tó ń tu oró ní ọrùn dúdú, ó sì lè ní ọ̀já pupa lábẹ́ rẹ̀. Ejò tó fi ìrù sẹ́nu wà lára ohun tí wọ́n bá nínú ibojì Tutankhamun ní Íjíbítì, àwọn Fọn ní Benin sì ń ya Dan Ayido Hwedo, ejò òṣùmàrè tiwọn, bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá lò ó, ẹ mọ ilé tó ti wá. Mámí Wọtà tó gbé ejò kọ́rùn tí ẹ ń rí lórí kàlẹ́ńdà, ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní àwọn ọdún 1880, àwòrán obìnrin tó ń fi ejò ṣeré níwájú èrò ni. Bombay ni wọ́n ti tún un tẹ̀ ní 1955, ẹ̀dà 12,000. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ ya àmì ìṣègùn sí pátákó ilé ìwòsàn, ejò kan ṣoṣo lórí ọ̀pá, láìsí ìyẹ́. Méjì pẹ̀lú ìyẹ́ jẹ́ ti Hermes, òrìṣà àwọn oníṣòwò Gíríìsì. Àwòṣe tiwa wà nítòsí: ẹ wo etí ọpọ́n Ifá àti orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí àwọn agbẹ́gilére ṣe fi ejò yí iṣẹ́ ká.

Ọká, paramọ́lẹ̀ àti sèbé, ẹ má yá wọn, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé wọn sílẹ̀ fún yín. Lẹ́ǹsì 300 mm ni kí ẹ lò, kí àlàfo yín ju gígùn ejò náà lọ. Ti sèbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí oró rẹ̀ lè fò kọjá mítà méjì, ojú ló sì ń fojú sùn. Ẹ wọ awò tó bo ojú yíká. Tó bá kán sí ojú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án gan-an, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá buni jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fa á lẹ́nu, ẹ má so ó pinpin. Ẹ yọ òrùka, ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà mira, ẹ gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kíá. Fọ́tò ejò náà, tí ẹ bá ti yà á tẹ́lẹ̀, wúlò fún dókítà; ẹ má padà lọ wá a.

Ó ku ògiri. Símẹ́ǹtì tuntun gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Tí fọ́tò yín bá jẹ́ 20 cm ní fífẹ̀, tí ògiri sì jẹ́ mítà mẹ́rin, ẹ fi ìlà pín fọ́tò sí 1 cm, kí ẹ fi okùn ẹfun pín ògiri sí 20 cm. Ìlà ìpẹ́ tó yí àárín ara erè ńlá ká ju 70 lọ, nítorí náà ẹ má gbìyànjú láti ya gbogbo rẹ̀. Orí, àti ibì kan tí ara rẹ̀ ti kọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ti bà lé e, ibẹ̀ ni kí ìpẹ́ ti hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù, àmì ara nìkan ti tó.

Fún dídán òṣùmàrè, ẹ kọ́kọ́ kun erè náà tán ní àwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú, kó gbẹ. Ẹ wá po ìdá kan ọ̀dà acrylic mọ́ ìdá márùn-ún medium tó mọ́ gaara, ìyẹn ohun ìpo-ọ̀dà tí kò ní àwọ̀. Kì í ṣe omi o, torí omi tó bá pọ̀ á jẹ́ kí ọ̀dà ṣí kúrò lára ògiri. Ẹ fi búlúù kun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí àwọn àmì dúdú nìkan, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé, kí àlùkò wà létí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gun un. Ẹ ṣe é ní àsìkò tí òjìji bá wà lára ògiri náà, torí oòrùn tààrà máa ń gbẹ medium kí búrọ́ọ̀ṣì tó padà débẹ̀, ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì méjì ti pàdé á sì hàn títí.